Oògùn Àléjì: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Rà Á

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Àbújá, tí eruku sì gba ojú ọ̀run, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í máa sín, tí ojú wọn á máa yún wọn. Púpọ̀ nínú wọn kì í lọ rí dókítà. Ilé ìtajà oògùn tó bá súnmọ́ wọn ní Wuse, Garki tàbí Nyanya ni wọ́n máa ń gbà lọ láti ra oògùn àléjì. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní ọdún 2024 fi hàn pé ó yẹ kí olúkúlùkù fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, NAFDAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, pàṣẹ pé kí wọ́n kó ìpín kan nínú oògùn olómi Benylin Paediatric kúrò lórí àtẹ. Orílẹ̀-èdè South Africa ni wọ́n ti ṣe oògùn náà, fún ikọ́ àti àléjì àwọn ọmọ ọdún 2 sí 12. NAFDAC ní àyẹ̀wò fi hàn pé májèlé diethylene glycol pọ̀ nínú ìpín tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 329304. Kenvue, ilé-iṣẹ́ tó ni oògùn náà, sọ lẹ́yìn náà pé àyẹ̀wò tòun kò rí májèlé kankan.

Ohun tó yẹ fún àkíyèsí ni pé kì í ṣe ayédèrú oògùn ni wọ́n pè é. Nọ́ńbà ìpín tó wà lára páálí nìkan ni òbí lè fi mọ̀ bóyá ìgò tó wà lọ́wọ́ òun wà lára èyí tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà.

Májèlé yìí a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ní ọdún 2008, òun ló wà nínú My Pikin, oògùn eyín àwọn ọmọ ọwọ́, tó ṣekú pa ọmọ tó lé ní 50 ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa oògùn olómi mẹ́rin tí wọ́n rí ní Gambia; ọ̀kan nínú wọn jẹ́ promethazine, tí í ṣe oògùn àléjì. Àwọn ọmọ tó lé ní 60 ló ti kú níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC, nọ́ńbà ìpín, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí kò ní dára fún lílò mọ́. Ẹ rí i pé ohun tó wà lára páálí bá ti ara ìgò mu. Bí ó bá ní ibi tí a ń ha, èyí tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, ẹ ha á, kí ẹ sì fi nọ́ńbà inú rẹ̀ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ní irú rẹ̀. Ẹ tún lè wá orúkọ oògùn nínú Greenbook, àkójọ tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ka orúkọ èròjà inú rẹ̀ pẹ̀lú. Chlorpheniramine tó wà nínú oògùn àléjì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn. Ẹni tó bá lo méjèèjì pọ̀ ti lo ìlọ́po oògùn kan náà. A máa mú oorun kunni, nítorí náà kò yẹ awakọ̀. Promethazine kò sì yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2.

Bí ọmọ tó lo oògùn olómi bá ń bì, tí inú ń run ún, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání. Ẹ má ṣe jù ú nù, nítorí àyẹ̀wò ohun tó wà nínú rẹ̀ lè dáàbò bo ọmọ ẹlòmíràn.