Kí Là Ń Ṣe Nígbà Tá A Bá Fi Ọ̀rọ̀ Lé Ọlọ́run Lọ́wọ́?

Bí òfò bá ṣẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí ní Ìbíadé, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wá báni kẹ́dùn: "Ẹ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ rere ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń fi í pa ẹlẹ́kún lẹ́nu mọ́. Onítọ̀hún á gbé omijé mì, á ní òun ti gbà fún Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ kò tíì sọ ohun tó ń dùn ún fún Ọlọ́run rárá.

Ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣáájú ìjọ̀wọ́ ara ẹni fún Ọlọ́run. Ní Gẹtisémánì, Jésù kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí ife náà ré òun kọjá, kó tó ní kí ìfẹ́ Bàbá ṣẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba àdúrà ọ̀hún. Pọ́ọ̀lù náà bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún ara rẹ̀. Ẹ̀gún ò kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un. Ànábì Yaakubu sunkún Yusufu títí ojú rẹ̀ fi fọ́, síbẹ̀ àpẹẹrẹ onísùúrù ni Kùránì fi í ṣe, torí Ọlọ́run ló ń ro ẹjọ́ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún.

Àdúrà Istikhara àwọn Mùsùlùmí ló tiẹ̀ là á yé ni jù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dojú rú fún á kírun ráká méjì, á dárúkọ ohun tó ń fẹ́. Bó bá jẹ́ oore, kí Ọlọ́run ṣe é ní ìrọ̀rùn. Bó bá jẹ́ ibi, kó mú un jìnnà sí òun, kó sì jẹ́ kí oore tó bá yàn tẹ́ òun lọ́rùn. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló le jù.

Ibo wá ni oògùn wà nínú ìjọ̀wọ́ yìí? Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn influenza ti 1918, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Shadare àti olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, lára wọn, kóra jọ fún àdúrà. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye nìyẹn. Wọ́n kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá, àríyànjiyàn sì lé wọn kúrò nínú ìjọ náà ní 1922. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) ti ṣẹ̀. N kì í bá wọn wí nípa ti 1918, torí dókítà fúnra rẹ̀ ò ní oògùn tó lè wo àrùn yẹn nígbà náà. Àmọ́ lónìí, kíkọ abẹ́rẹ́ kì í ṣe ìjọ̀wọ́.

Ọba Dáfídì inú Bíbélì náà ò jọ̀wọ́ kíákíá. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó gbààwẹ̀, ó sùn sórí ilẹ̀, kò gbọ́ ìpẹ̀ àwọn àgbà ilé. Ọmọ kú lọ́jọ́ keje. Ó dìde, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó lọ jọ́sìn, ó wá ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ó ya àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ ó ti bẹ̀bẹ̀ tán kó tó gbà.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá lọ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó sunkún, kó bẹ Ọlọ́run tẹ́rùn, kẹ́ ẹ tó ní kó gbà fún Un.