Ta Ni Ń Bi Àwọn Àjọ Ìjọba Léèrè Owó Wa?

 

Bí a bá pàdé, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu wa: “Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa yìí, ibo ló ń gbà lọ? Ta ló ń bi wọ́n?” Ẹgbẹ́ ní kí n kọ ọ́ síwèé bí ètò náà ṣe rí. Mo lọ bi àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ, a jọ wo ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 níbi tó ti kan ọ̀rọ̀ yìí. Mo wá kọ ọ́ ní èdè ọjà, kí ó lè yé tọmọdé tàgbà.

AKÁPÒ KÌ Í YẸ ÌWÉ ARA RẸ̀ WÒ

Gbogbo wa la mọ bí a ti ń ṣe nínú ẹgbẹ́. Akápò ló ń mú owó lọ́wọ́. Bí àkókò bá tó, á gbé ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé, á ní èyí ló wọlé, èyí ló jáde, èyí ló kù. Ẹlòmíràn la sì máa ń ní kó yẹ ìwé náà wò. Kì í ṣe pé a pe akápò lólè o. Owó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe tiẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìjọba ìpínlẹ̀. Gọ́mìnà àti àwọn kọmíṣánnà ló ń náwó. Abẹ́ wọn ni àwọn àjọ wà: OGIRS tó ń gba owó-orí, OGWAMA tó ń rí sí ìdọ̀tí, TRACE tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, àti àwọn mìíràn. Ìpàdé tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wá jíhìn fún ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó wà ní Òkè-Mosàn l’Ábẹ́òkúta. Ọmọ ilé náà jẹ́ 26. Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ẹnì kan níbẹ̀, Ifọ ní ẹni méjì. Àwa la sì ń dìbò yàn wọ́n.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni Ilé ń gbà bi àwọn àjọ yìí léèrè.

ÈKÍNÍ: KÍ OWÓ TÓ JÁDE

Òfin ní owó kankan kò gbọ́dọ̀ jáde nínú àpò ìpínlẹ̀ láìjẹ́ pé òfin fọwọ́ sí i. Nítorí náà ni gọ́mìnà ṣe máa ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ síwájú Ilé lọ́dọọdún. Èyí tó gbé lọ ní ìparí 2024 fún ọdún 2025 lé ní tírílíọ̀nù kan náírà.

Bí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá dé, Ilé á pín in fún àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké. Àwọn yìí ló máa ń pe àjọ kọ̀ọ̀kan wá jókòó: “Èló lẹ gbà lọ́dún tó kọjá? Èló lẹ pa wọlé? Iṣẹ́ wo lẹ fi ṣe? Kí lẹ fẹ́ fi tọdún yìí ṣe?” Ẹ ò rí i bí ó ti ṣe pàtàkì? Bí ìdọ̀tí bá ga bí òkè lẹ́yìn ìsọ̀ wa, ọjọ́ yẹn ló yẹ kí ẹnì kan níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, kí ó bi wọ́n.

Bí ọdún tuntun bá dé tí Ilé kò tíì parí iṣẹ́ lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, òfin gba gọ́mìnà láyè láti náwó kí iṣẹ́ ìlú má baà dúró, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ.

ÈKEJÌ: LẸ́YÌN TÍ WỌ́N NÁ AN TÁN

Níbí ni Ọ̀gá Ọdítọ̀ ìpínlẹ̀ ti wọlé. Bí Ọ̀gá Akáǹtáǹtì ìjọba bá ti kó ìṣirò ọdún fún un, ó ní 90 ọjọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fi àbọ̀ ránṣẹ́ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ilé náà ló fi ránṣẹ́ sí o, kì í ṣe gọ́mìnà. Ilé á wá gbé e fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú.

Gọ́mìnà ló ń yan ọdítọ̀ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ilé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí gọ́mìnà bá sì fẹ́ yọ ọ́ kí àkókò rẹ̀ tó pé, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ Ilé gbà fún un. Nínú ènìyàn 26, ìyẹn jẹ́ 18. Ìdí ni pé ẹni tí ọ̀gá lè lé nígbà tó bá wù ú, kò lè sọ òótọ́ nípa ìwé ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbì kan. Àwọn àjọ tí òfin dá sílẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe Ọ̀gá Ọdítọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìwé wọn. Wọ́n ń gba ọdítọ̀ tiwọn láti ìta. Ó dà bí ẹni tó ń ta gààrì tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹni tí yóò bá a yẹ òṣùwọ̀n rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n òfin ti ronú sí i: inú orúkọ tí Ọ̀gá Ọdítọ̀ bá fún wọn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ mú un, ó ní láti sọ èrò rẹ̀ lórí ìwé tí wọ́n bá ṣe, ó sì lè yọ sí wọn láti yẹ̀ wọ́n wò.

ẸLẸ́Ẹ̀KẸTA: ÌWÁDÌÍ

Bí ọ̀rọ̀ bá rú Ilé lójú, wọ́n lè gbé ìwádìí dìde. Wọ́n lè pe ẹnikẹ́ni, wọ́n lè ní kí ó kó ìwé rẹ̀ wá, kí ó sì búra. Ẹni tí wọ́n bá pè tó kọ̀ tí kò wá, Ilé lè fi ìwé àṣẹ mú un wá. Òfin sọ ohun tí agbára yìí wà fún: láti ṣe òfin tàbí tún un ṣe, àti láti tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, iṣẹ́ tí kò gún àti owó tí wọ́n fi ṣòfò.

Ṣùgbọ́n Ilé kì í rán olè lẹ́wọ̀n. Ilé ẹjọ́ ló ń ṣe ìyẹn, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá, EFCC tàbí ICPC bá ti gbé ẹjọ́ lọ.

TI ỌJÀ ŃKỌ́?

Ìwé òfin fi ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìgbẹ́ gbogboogbò sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, káńsù la óò kọ́kọ́ bi, àwọn káńsẹ́lọ̀ ló sì yẹ kó bá wa bi alága. Ní 11 Oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Àbújá dá a pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. Bí owó bá ti dé ọwọ́ wọn, ọwọ́ wọn náà la óò ti béèrè.

IBI TÍ OKÙN TI Ń JÁ

Ètò yìí dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí Ilé fúnra rẹ̀ bá dàrú, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Ní 2010, lórí ọ̀rọ̀ owó bílíọ̀nù 100 náírà tí ìjọba fẹ́ yá, Ilé wa ní Ògùn pín sí méjì, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa fún oṣù mélòó kan. Ta ló ń bi àwọn àjọ léèrè nígbà yẹn?

Ohun kejì ni pé ẹni tó ń bọ́ni ló ń darí ẹni. Ní 2018 ni wọ́n tún ìwé òfin ṣe kí owó Ilé lè máa lọ tààrà sọ́wọ́ Ilé, kí wọ́n má máa tọrọ jẹ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń ṣọ́.

Ohun kẹta ni àwa. Ọmọ Ilé kò lè bi àjọ léèrè ohun tí kò gbọ́. Àwọn ìyá wa Ẹ̀gbá mọ èyí tipẹ́. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, obìnrin kankan kò sì sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta kọ ìwé, wọ́n tún kọ ọ́, ní 1947 wọ́n jókòó ní Aké tọ̀sán-tòru. Ní 1948 wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró, ní 1949 obìnrin wọ ìgbìmọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọlọ́jà bíi tiwa.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ má san owó láìgba rìsíìtì. Kí orúkọ àjọ, iye owó, ọjọ́ àti nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Mo ti rí ìwé pélébé tí wọ́n já fún wa rí lọ́jà tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sí ọdítọ̀ tó lè tọ ipa rẹ̀.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín. Bí ohun tí wọ́n gbowó fún kò bá sí, ẹ sọ fún ẹgbẹ́: ọjà wo, ọjọ́ wo, àjọ wo, èló.

Ẹgbẹ́ yóò kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ṣoṣo sí ọmọ Ilé wa, a ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ilé l’Ókè-Mosàn. Ó dára kí ó dé ibẹ̀ kí wọ́n tó jókòó lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kí ọdún tó parí. Kí a sì gba ìbọ̀wọ́lù sára ẹ̀dà tiwa, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ò rí i.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ kó rìsíìtì yín dání wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Mo ti ra ìwé tí n óò kọ wọ́n sí.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.