Ipò Abiyamọ nínú Àṣàyàn Fíìmù Adẹ́rùbani

Ìfáárà
Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù adẹ́rùbani, ìta ni ewu ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú ilé gan-an ni ẹ̀rù ti ń sú yọ, tí abiyamọ sì jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò mẹ́ta lára wọn: Rosemary's Baby (Amẹ́ríkà, 1968), Dark Water (Japan, 2002) àti The Babadook (Ọsirélíà, 2014). Ohun tó hàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé iwin kọ́ ni gbòǹgbò ẹ̀rù, bí kò ṣe pé àwọn tó yí ìyá ká fi í sílẹ̀ kí ó máa dá ẹrù ọmọ gbé.

Ìyá tí a kò gbà gbọ́
Roman Polanski ni ó darí Rosemary's Baby, láti inú ìwé ìtàn àròsọ tí Ira Levin kọ ní ọdún 1967. Rosemary lóyún ní ìlú New York, inú rírun kò sì jẹ́ kó gbádùn. Ọkọ rẹ̀ ti bá àwọn aládùúgbò tó ń bọ Sàtánì mulẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Dókítà tí wọ́n yàn fún un wà lára wọn. Nígbà tí ó sá tọ dókítà mìíràn lọ, onítọ̀hún kò gbà á gbọ́, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn tí Rosemary ń sá fún pé kí wọ́n wá mú un. Ẹni tó ń sọ òótọ́ ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìrànrán.

Ìyá tí a ń ṣọ́
Láti inú ìtàn Koji Suzuki ni Hideo Nakata ti ṣe Dark Water. Yoshimi àti ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ń ṣẹjọ́ lórí ẹni tí Ikuko, ọmọ wọn, yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n lo ìtọ́jú àárẹ̀ ọkàn tí Yoshimi ti gbà rí láti fi sọ pé kò yẹ ní ìyá. Inú ilé alájà púpọ̀ tí omi ń jò láti àjà rẹ̀ ni òun àti ọmọ kó lọ. Iwin ibẹ̀, Mitsuko, jẹ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ pa tì, tó sì kú sínú táǹkì omi orí òrùlé. Yoshimi pàápàá ti dúró de ìyá rẹ̀ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Níkẹyìn, ó fi ara rẹ̀ ṣe ìyá fún iwin náà kí ọmọ tirẹ̀ lè yè.

Ìyá tí ọ̀fọ̀ dì lẹ́nu
Jennifer Kent ni ó kọ The Babadook tí ó sì darí rẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ Amelia ń wa ọkọ̀ gbé e lọ bí Samuel ni ìjàǹbá ọkọ̀ pa á. Láti ìgbà náà, Amelia kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ olóògbé, kì í sì í ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ náà ní ọjọ́ rẹ̀ gan-an. Ìwé àwòrán ọmọdé kan ṣàdédé fara hàn nínú ilé. Iwin inú rẹ̀ wọ Amelia lára títí tó fi fẹ́ pa ọmọ rẹ̀. Ìbínú tí ìyá kò lè fẹnu sọ ni iwin gbé jáde. Ní ìparí, iwin náà kò kú. Yàrá abẹ́ ilé, níbi tí ẹrù olóògbé wà, ni ó ń gbé, Amelia a sì máa gbé ekòló lọ bọ́ ọ. Ìgbà náà ni wọ́n tó ṣe ọjọ́ ìbí Samuel ní ọjọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọ̀fọ̀ kì í tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé ó wà lè kápá rẹ̀.

Ìfiwéra pẹ̀lú àbíkú
Ìgbàgbọ́ Yorùbá nínú àbíkú náà so ọmọ, ikú àti ẹ̀mí àìrí pọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́ ń sọ ẹ̀dùn náà jáde ní gbangba. Ẹnikẹ́ni tó bá pe ọmọ náà ti bá ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Èyí kò ní kí a máà dá ìyá lẹ́bi nígbà mìíràn. Ohun tó fi hàn ni pé àṣà fún ìbànújẹ́ ní orúkọ.

Àgbálọgbábọ̀
Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Olùkọ́ tó bá ń fi irú fíìmù báyìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣẹ̀dá ẹ̀dá ìtàn lè bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣáájú ọ̀rọ̀ iwin: ta ni ó wà lọ́dọ̀ ìyá kí iwin tó dé? Nínú fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni yóò ṣí ìtumọ̀ ìtàn payá.