Ètò Ìlò Ilẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oregon

Ètò ìlò ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon jẹ́ àkójọ òfin àti ìlànà tí ìpínlẹ̀ Oregon, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi ń pinnu ibi tí ènìyàn lè kọ́ ilé sí àti ibi tí ó gbọ́dọ̀ wà fún iṣẹ́ oko tàbí fún igbó. Òfin tí ó dá ètò náà sílẹ̀ ni Senate Bill 100, èyí tí Gómìnà Tom McCall buwọ́ lù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1973. Ohun méjì ni a fi mọ ètò yìí jùlọ: ààlà ìdàgbàsókè tí a fà yí àwọn ìlú ká, àti agbègbè tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ oko nìkan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àríyànjiyàn ti wà lórí rẹ̀ ní àwọn ìlú àgbẹ̀, nítorí pé òfin kan náà tí ó dáàbò bo ilẹ̀ oko ni ó dín ohun tí onílẹ̀ lè fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe kù.

Ohun tí ó fa òfin náà

Àfonífojì Willamette wà láàárín àwọn òkè etí òkun àti àwọn òkè Cascade. Ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá púpọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin irúgbìn koríko, èso àjàrà, hops, oríṣiríṣi èso bérì àti hazelnut níbẹ̀. Àfonífojì yìí ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú hazelnut tí wọ́n ń gbìn ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ kan náà ni Portland, Salem àti Eugene wà, àwọn ìlú mẹ́ta tí ó tóbi jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí omi kò sì jìnnà sí, dára fún oko, ó sì rọrùn láti kọ́ ilé sí. Nítorí náà ni àgbẹ̀ àti akọ́lé ṣe ń du ilẹ̀ kan náà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ènìyàn pọ̀ sí i ní Oregon, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí tàn kálẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà láàárín oko. Kì í ṣe ilẹ̀ tí ilé gbà nìkan ni ìṣòro náà. Bí wọ́n bá ti ta oko kan fún ilé kíkọ́, iye owó ilẹ̀ tí ó yí i ká a gòkè dé ibi tí ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kò ti ní lè rà á mọ́. Àwọn tí wọ́n wá gbé inú ilé tuntun náà a máa ráhùn nípa òórùn ìgbẹ́ ẹran, eruku, oògùn apakòkòrò àti ariwo ẹ̀rọ ìkórè lóru. Àgbẹ̀ tí ó bá rí i pé òun náà yóò ta ilẹ̀ láìpẹ́ kò ní náwó mọ́ sórí abà, ọ̀gbàrà omi tàbí igi eléso tí yóò pẹ́ kí ó tó so. Báyìí ni oko díẹ̀ tí ilé gbà ṣe lè sọ agbègbè oko ńlá di aláìlágbára.

Ní ọdún 1961, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tí ó jẹ́ kí wọ́n máa ṣírò owó-orí ilẹ̀ oko lórí iye tí ó tọ́ sí oko, kì í ṣe lórí iye tí akọ́lé lè rà á. Ní ọdún 1969, Senate Bill 10 pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú àti káúntì ṣe ètò ìlò ilẹ̀ tiwọn. Òfin yìí kò ní agbára tó, nítorí pé kò sọ ìlànà tí ó ṣe kedere, kò sì sí ẹni tí yóò máa tọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sọ́nà.

Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú ni Hector Macpherson, àgbẹ̀ tí ó ń sin màlúù fún wàrà ní káúntì Linn. Ó ti jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ètò ilẹ̀ ní káúntì rẹ̀ kí wọ́n tó dìbò yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ti ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 1970. Ọmọ ẹgbẹ́ Republican ni òun àti McCall. Ted Hallock, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat láti Portland, ni ó bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ kí òfin náà lè wọlé. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ará ìlú ńlá nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀: àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ béèrè fún un.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Senate Bill 100 dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí Land Conservation and Development Commission. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ṣe àwọn àfojúsùn 19 tí ètò ìlú àti káúntì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá mu. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń kọ ètò tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì ń fọwọ́ sí i. Àfojúsùn kìíní sọ pé àwọn ará ìlú gbọ́dọ̀ kópa nínú iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹta dá lórí ilẹ̀ oko, ẹ̀kẹrìnlá sì dá lórí bí ìlú ṣe ń gbòòrò.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ààlà ìdàgbàsókè. Ilẹ̀ tí ó wà nínú ààlà yìí gbọ́dọ̀ tó fún ilé, ilé iṣẹ́ àti ọ̀nà fún nǹkan bí 20 ọdún. Bí kò bá tó mọ́, ìlú lè béèrè pé kí wọ́n sún ààlà náà síwájú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn, ó sì gbọ́dọ̀ ronú lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá kí ó tó fọwọ́ kan ilẹ̀ oko tí ó dára.

Lẹ́yìn ààlà ni agbègbè iṣẹ́ oko nìkan wà, tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 16 éékà. Láti ọdún 1993, ilẹ̀ tuntun tí a bá gé ní agbègbè yìí kò gbọdọ̀ kéré sí 80 éékà ní ilẹ̀ oko, tàbí 160 éékà ní ilẹ̀ ìjẹko ẹran, àfi bí ìpínlẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwọ̀n mìíràn fún káúntì kan. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé sórí ilẹ̀ oko tí ó lọ́ràá jù lè ní láti fi hàn pé oko náà ń mú ó kéré tán 80,000 dọ́là wọlé lọ́dún. Lórí ilẹ̀ oko mìíràn, 40,000 dọ́là ni. Ìdí rẹ̀ ni láti mọ ìyàtọ̀ láàárín àgbẹ̀ àti ẹni tí ó kàn fẹ́ ilé ńlá ní ìgbèríko. Ní ìdàkejì, òfin dáàbò bo àgbẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́ tí aládùúgbò lè pè nítorí eruku, òórùn tàbí ariwo tí ó bá iṣẹ́ oko rìn.

Ìgbẹ́jọ́ ní káúntì

Ibi tí àwọn ará ìlú àgbẹ̀ ti ń bá ètò yìí pàdé ni ìgbẹ́jọ́ ní káúntì. Bí onílẹ̀ bá béèrè fún àṣẹ, òṣìṣẹ́ káúntì a ránṣẹ́ sí àwọn tí ilẹ̀ wọn wà nítòsí, a sì kọ àbọ̀ lórí ohun tí òfin béèrè. Lẹ́yìn náà ni olùbéèrè, alátìlẹ́yìn àti alátakò yóò sọ̀rọ̀ níwájú àwọn adájọ́ ọ̀ràn náà. Kì í ṣe iye ènìyàn tí ó wá ni ó ń pinnu ọ̀rọ̀, bí kò ṣe bóyá ẹ̀rí bá ìlànà tí a kọ sílẹ̀ mu. Ẹni tí ó bá sọ pé omi kànga yóò gbẹ ní láti mú ẹ̀rí wá.

Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 21 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Land Use Board of Appeals, ilé ẹjọ́ àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá mẹ́nu bà ní káúntì kò ṣeé gbé dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dákẹ́ nígbà ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́ lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Àríyànjiyàn

Ìbéèrè tí ó le jùlọ ni ti ẹ̀tọ́ onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò ní owó ìfẹ̀yìntì mìíràn ju ilẹ̀ wọn lọ. Ẹni tí ó ti fọkàn sí i pé òun yóò gé ilẹ̀ díẹ̀ tà lọ́jọ́ ogbó, tàbí pé òun yóò pín in fún àwọn ọmọ láti kọ́lé, rí i pé òfin ti gba àǹfààní náà lọ́wọ́ òun láìsan kọ́bọ̀. Àwọn tí ó fara mọ́ ètò náà dáhùn pé bí olúkúlùkù bá gé tirẹ̀ tà, kò ní sí agbègbè oko tí ẹni tí ó kù lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n fi kún un pé àgbẹ̀ ti ń jẹ àǹfààní owó-orí tí ó dínkù.

Ìgbà mẹ́ta ni àwọn alátakò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn olùdìbò láti dín agbára òfin náà kù tàbí láti fagi lé e, ní ọdún 1976, 1978 àti 1982. Wọn kò borí. Ní ọdún 2000, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí Measure 7 pé kí ìjọba máa san owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Oregon fagi lé e ní ọdún 2002.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò fọwọ́ sí Measure 37. Ó sọ pé bí òfin tí a ṣe lẹ́yìn tí ènìyàn ti ra ilẹ̀ bá dín iye rẹ̀ kù, kí ìjọba san owó fún un tàbí kí ó yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin náà. Ẹni tí ọ̀pọ̀ mọ̀ nígbà ìpolongo náà ni Dorothy English, obìnrin tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí ó ra ilẹ̀ ní ọdún 1953 tí kò sì lè pín in fún àwọn ẹbí rẹ̀. Hector Macpherson wà lára àwọn tí ó pe ẹjọ́ tako òfin tuntun náà, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí òfin náà múlẹ̀ ní ọdún 2006.

Ìjọba kò ní owó láti san, nítorí náà ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún ènìyàn. Ẹ̀bẹ̀ tí ó ju 6,000 lọ wọlé. Kì í ṣe ilé kan tàbí méjì fún ọmọ ẹbí ni àwọn kan béèrè fún, bí kò ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé, ilé ìtajà àti ibi ìwa-òkúta. Àwọn àgbẹ̀ kan tí wọ́n ti dìbò fún Measure 37 wá rí i pé ilẹ̀ aládùúgbò wọn fẹ́ di àdúgbò ilé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò fọwọ́ sí Measure 49, tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ olùbéèrè kọ́ ilé kan sí mẹ́ta, tí ó sì dí ọ̀nà ìkọ́lé ńlá àti ti òwò.

Àríyànjiyàn mìíràn dá lórí ohun tí a lè pè ní iṣẹ́ oko. Àwọn olóko èso àjàrà fẹ́ máa gba àlejò ìgbéyàwó kí oko lè pa owó. Àwọn aládùúgbò ní ọkọ̀ àti ariwo ń dí iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Pátákó ìmọ́lẹ̀ oòrùn ńkọ́? Ní ọdún 2019, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ dín bí wọ́n ṣe lè tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tí ó lọ́ràá jù kù. Àwọn mìíràn sọ pé ààlà ìlú ń mú kí ilé wọ́n. Ní ọdún 2019 kan náà ni ìpínlẹ̀ ṣòfin pé kí àwọn ìlú tí ó tóbi gba ilé alájùmọ̀gbé láàyè ní àdúgbò tí ó ti jẹ́ ti ilé ẹbí kan ṣoṣo, kí ilé lè pọ̀ sí i láàárín ààlà.

Ipa rẹ̀ níbòmíràn

Oregon kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí. Hawaii ti pín ilẹ̀ rẹ̀ sí agbègbè-ìlò láti ọdún 1961. Ṣùgbọ́n ètò ti Oregon ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wò láti kọ́ ẹ̀kọ́. Washington, aládùúgbò rẹ̀ ní àríwá, ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1990, tí ó pàṣẹ kí káúntì tí ènìyàn ń pọ̀ sí fa ààlà sí ìdàgbàsókè ìlú. Ní Oregon fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá jáde kúrò ní ìlú kékeré kan ní Àfonífojì Willamette ṣì ń rí ìlà náà lójú: ilé dópin ní ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà, oko sì bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibi tí ìlà náà yẹ kí ó wà ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí nínú ìgbẹ́jọ́ káúntì.