Ipa àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì lórí lílo iná mànàmáná

Ìbéèrè fún iná mànàmáná ni àpapọ̀ iná tí àwọn ilé, ọjà, ọ́fíìsì àti ilé iṣẹ́ ń fẹ́ lò ní àkókò kan. Bí àjàkálẹ̀ àrùn, ogun tàbí ìmìtìtì ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè yìí máa ń yí padà, ṣùgbọ́n kì í yí padà bákan náà níbi gbogbo. Ohun méjì ló sábà máa ń fa ìyàtọ̀: àwọn tó ń lo iná jù ní agbègbè náà, àti bóyá iná tó wà níbẹ̀ ń tó wọn lò tẹ́lẹ̀.

Àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19

Ní ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àti ilé ìtajà pa. Ní àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan, lílo iná dín kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí òfin náà le jù. Iná tí wọ́n ń lò nínú ilé pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò tó dí àlàfo tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀. Ní Íńdíà, ní 5 Oṣù Kẹrin, Alákòóso Àgbà Narendra Modi ní kí àwọn ará ìlú pa iná ilé wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Lílo iná já wálẹ̀ ní ohun tó lé ní 31,000 mẹ́gáwáàtì.

Jàpáàn, 2011

Ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìgbì òkun ti 11 Oṣù Kẹta 2011 ba ibùdó iná átọ́míìkì Fukushima Daiichi jẹ́. Níhìn-ín, àwọn ènìyàn ṣì fẹ́ iná. Iná ni kò tó. Láti Oṣù Keje, nígbà ooru, ìjọba pàṣẹ kí àwọn oníbàárà ńlá ní agbègbè Tokyo àti Tohoku dín iye tó ga jù lọ tí wọ́n ń lò kù ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀ oòrùn Jàpáàn kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí 60 Hertz ni iná tiwọn, 50 Hertz sì ni ti ìlà oòrùn. Àwọn ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀kan padà sí èkejì kò pọ̀.

Nàìjíríà

Ní 30 Oṣù Kẹta 2020, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Àmọ́ ní Nàìjíríà, iye iná tí wọ́n pín kì í ṣe òdiwọ̀n iye tí àwọn ènìyàn fẹ́. Nǹkan bí 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n ń pín nígbà náà fún àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200. Ẹ̀rọ amúnáwá ló ń dí àlàfo náà, iná rẹ̀ kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ iná tí wọ́n pín. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ti ilẹ̀kùn, àwọn ilé tí kò rí iná tẹ́lẹ̀ lè lo èyí tó ṣẹ́kù, kí àkọsílẹ̀ má sì fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Nítorí náà, ẹni tó bá fi àkọsílẹ̀ yìí nìkan ṣe ètò iná lè ka àwọn tí kò rí iná mọ́ àwọn tí kò fẹ́ iná.