Pápá Ìṣeré Líbátì ní Ìbàdàn: Orúkọ, Ìtàn àti Ìlò Rẹ̀

Nígbà tí mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè ohun tí ‘Líbátì’ túmọ̀ sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní orúkọ àdúgbò kan ní Ìbàdàn ni. Wọn kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. ‘Òmìnira’ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọdún 1960, tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré náà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí pápá tí a kọ́ pẹ̀lú ìyangàn báyẹn ṣe di èyí tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú kò fi ṣe ilé mọ́.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló dáwọ́ lé iṣẹ́ náà, ní àkókò tí kòkó ń mówó wọlé. Ìjọba yìí kan náà ló dá ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Àmọ́ Awólọ́wọ̀ ti fi ipò olórí ìjọba sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà; Olóyè S. L. Akíntọ́lá ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí pápá náà.

Bí a bá wo ìrísí rẹ̀, a ó rí i pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn. Ojú ọ̀nà eré sísá yí pápá bọ́ọ̀lù ká. Èyí mú kí òǹwòran jìnnà díẹ̀ sí àwọn agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ó fàyè gba oríṣiríṣi eré. Kódà, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ló kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ dé òkèèrè. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, 1963, Dick Tiger, ọmọ Ìgbò, bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà figagbága níbẹ̀ nítorí ipò ọ̀gá àgbáyé. Ìpàdé wọn kẹta nìyẹn. Lẹ́yìn ìpele keje, Fullmer kò lè tẹ̀ síwájú mọ́.

Ní ti bọ́ọ̀lù, 1976 ni àwọn àgbà kì í gbàgbé. IICC Shooting Stars fi àmì ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan na Tonnerre ti Yaoundé ní Ìbàdàn. Wọ́n pàdánù ẹyọ kan ní Kamẹrúùnù, síbẹ̀ wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹ ṣàkíyèsí pé àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn ló ni ẹgbẹ́ yìí tẹ́lẹ̀: ọwọ́ kan náà ló bí pápá, ló tọ́ ẹgbẹ́. Ní 1980, Líbátì gbàlejò ìdíje ife Áfíríkà. Ibẹ̀ ni Àlùjéríà ti fi gbígbá pẹnáńtì borí Íjíbítì nínú ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ. Ó tún gbàlejò ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní 1999.

Lójú tèmi, ìdíje ńlá kì í gbé pápá ró. Àlejò ni, ó ń bọ̀, ó ń lọ. Ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń mú kí a gé koríko, kí a tún àga ṣe. Líbátì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tó fi máa di 1988, pápá ìpínlẹ̀ ti parí ní Adámásìngbà, èyí tí a fi orúkọ Lékan Sàlámì pè. Ó kéré sí Líbátì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Shooting Stars fi ṣe ilé.

Ní oṣù Kọkànlá, 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan sọ Líbátì di Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹnu àwọn ọlọ́kọ̀ kò tíì gba orúkọ tuntun yìí. ‘Líbátì’ ni wọ́n ṣì ń pè é.