Ìná-ọjà Abẹ́ Aṣọ: Bí A Ti Ń Gba Iyàrá Hòtẹ́ẹ̀lì Etí Òkun Ní Owó Pọ́ọ́kú

  

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, nígbà tí a dé orí ìròyìn ẹbí, ìyá wa kan dìde. Ó ní àwọn ọmọ òun tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ kó òun àti baba wọn lọ sinmi ní erékùṣù kan fún ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ti rí iyàrá hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun ní ìlàjì owó, ṣùgbọ́n wọn kò mọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà. Ó wá bèèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kì í ṣe gbájúẹ̀ ni ó mú àwọn ọmọ mi báyìí?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n akọ̀wé wa kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni ó ń wò, nítorí ó mọ ohun tí ojú ẹbí mi ti rí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Ìdáhùn mi sí ìyá wa ni pé kì í ṣe gbájúẹ̀. Ọjà gidi ni. Ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ òfin ọjà, owó rẹ̀ ni yóò fi kọ́ ọ.

Irú ọjà tí ó jẹ́

Gbogbo wa ni a mọ ọjà í ná, pàápàá àwa tí a ń gbé ní òkè ọya. Bí ẹ bá pe owó tí kò tẹ́ mallam lọ́rùn, yóò fi ohùn tútù wí pé, "Albarka." Kì í ṣe pé ó ń súre fún yín nígbà náà, ó ń sọ pé owó yín kò tó ni. Bí ó bá sì gbà, yóò ní, "Na sallama," ọjà sì di tiyín.

Ọjà tí à ń wí yìí jọ ọ́, àfi ohun mẹ́ta. Èkíní, aṣọ ni wọ́n dà bo ọjà náà: ẹ mọ àdúgbò tí hòtẹ́ẹ̀lì wà, ẹ mọ iye ìràwọ̀ tí ó ní, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀. Èkejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, olùtajà kì í pe iye kankan; oníbàárà ni ó máa ń kọ́kọ́ pe owó. Ẹ̀kẹta, oníbàárà ti máa ń fi káàdì bánkì rẹ̀ lélẹ̀ kí ó tó pe owó. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá ti gbà, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n óò yọ owó náà, nígbà náà ni wọ́n óò sì tó ṣí aṣọ kúrò lórí ọjà. Kò sí pé mo rò ó wò, kò sí pé ẹ dá owó mi padà.

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Jay Walker ni ó gbé ọjà yìí kalẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1998, ó sì pe ilé-iṣẹ́ náà ní Priceline. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé àṣẹ pé tiwọn ni ọgbọ́n pé kí oníbàárà máa pe owó tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi mú hòtẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ wọn débi pé wọ́n gbìyànjú láti fi ta oúnjẹ àti epo mọ́tò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀ka yẹn wó ní ọdún 2000. Ọdún 2000 yìí kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú mélòó kan parapọ̀ dá Hotwire sílẹ̀. Ti Hotwire yàtọ̀ díẹ̀: àwọn ni wọ́n máa ń pe owó fúnra wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á fi orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì pamọ́ títí ẹ óò fi sanwó.

Kí ẹ má baà máa wá ohun tí kò sí mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: ní ọdún 2016 ni Priceline fi òpin sí pípe owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, lẹ́yìn náà ni ti hòtẹ́ẹ̀lì náà sì kógbá wọlé. Èyí tí ó gbilẹ̀ lónìí ni irú ti Hotwire: owó wà níta, orúkọ wà lábẹ́ aṣọ. Priceline náà ń ta irú èyí. Nítorí náà, ọgbọ́n tí àwọn àgbà oníbàárà kọ́ ní ìgbà ìjelòó ṣì wúlò fún wa.

Ìdí tí onílé fi ń gbà

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ló dé tí onílé ńlá óò fi ta iyàrá rẹ̀ ní ìlàjì owó?" Ẹ lọ bi àwọn tí ń ta tòmátì léèrè ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Tòmátì tí kò bá tà lónìí, ó lè ti rà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Iyàrá hòtẹ́ẹ̀lì tilẹ̀ burú jù ú lọ: iyàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí lálẹ́ òní, owó alẹ́ náà ti lọ láéláé, a kò lè kó o jọ de ọ̀la. Owó díẹ̀ sàn fún onílé ju òfo lọ.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kéde owó díẹ̀ náà sójú táyé, àwọn oníbàárà tí ń san owó pípé yóò ní àwọn náà kò san jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ohun tí ó mú kí wọ́n da aṣọ bo orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò fi dandan lé ilé kan pàtó ni wọ́n ń ṣe ẹ̀dínwó fún.

Ìdí rẹ̀ náà nìyí tí ẹ̀dínwó fi ń pọ̀ ní ìgbà tí ilé ṣófo. Ní Hawaii, oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, àti oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kì í ṣe àkókò tí èrò ń wọ́ lọ. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí dé ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ni àkókò ìjì líle, iyàrá a sì máa dínwó nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé ìjì ni ó fà á tí ó fi dínwó o.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹbí mi

Ní ọdún 2012, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí àwa méjèèjì jọ wá sí ìlú yìí, pé àádọ́rin ọdún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Los Angeles pinnu pé òun óò mú baba àti ìyá òun lọ sí Waikiki, ní ìlú Honolulu, ní ilẹ̀ Hawaii, kí wọ́n lọ na ẹsẹ̀ létí òkun. Iṣẹ́ òru ni ó fi kó owó náà jọ.

Ọmọ náà gbọ́n. Kò kàn sáré pe owó. Ó kọ́kọ́ wo iye tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ń gbà ní gbangba, ó wá pe iye tí kò tó ìlàjì. Wọ́n kọ̀ ọ́. Òfin wọn ni pé ẹni tí wọ́n bá kọ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí mẹ́rìnlélógún kí ó tó tún pe owó, àfi bí ó bá yí nǹkan kan padà: ọjọ́, tàbí iye ìràwọ̀, tàbí kí ó fi àdúgbò mìíràn kún un. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó wá àdúgbò tí kò ní hòtẹ́ẹ̀lì onírú ìràwọ̀ tí ó ń fẹ́ rárá, ó fi kún un, ó sì fi dọ́là díẹ̀ lé owó rẹ̀. Kò sí ewu pé wọn óò gbé e lọ sí àdúgbò náà, síbẹ̀ ó ti rí àyè pe owó lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n gbà: 128 dọ́là lálẹ́ kan, alẹ́ márùn-ún, 640 dọ́là. Ó fi ayọ̀ pe baba rẹ̀ lórí tẹlifóònù pé, "Bàbá mi, ẹ múra o, ilé ti wà!"

Ilé ti wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fisà kò tíì sí. Oṣù kẹsàn-án ni ó sanwó fún. A lọ, a bọ̀, wọ́n ní kí a dúró, a dúró. Ìwé ìrìnnà ẹ̀gbọ́n mi àti ti ìyàwó rẹ̀ padà dé pẹ̀lú fisà nínú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ọjọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ti kọjá. Ọmọ bẹ̀bẹ̀ títí, wọn kò dá kọ́bọ̀ padà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn wí. Ọmọ náà sunkún lórí tẹlifóònù, ó ń wí pé, "Bàbá, ẹ má bínú, mo ti fi owó yín ṣòfò." Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, "Owó ni ó lọ, ènìyàn kò lọ. Dákẹ́, lọ sùn kí o tó lọ sí iṣẹ́." Ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó tì í rí i pé ó dùn ún. Kì í ṣe owó náà ni ó dùn ún tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe òru tí ọmọ rẹ̀ kò sùn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, wọ́n lọ ní tòótọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ náà yí ọwọ́ padà. Ó kọ́kọ́ gba iyàrá ní owó pípé, irú èyí tí a lè dá padà láìsan ohunkóhun bí ọjọ́ kò bá tíì sún mọ́lé. Nígbà tí fisà ti wà, tí tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́, ni ó tó lọ pe owó lábẹ́ aṣọ. Bí wọ́n ti gbà, ó dá ti àkọ́kọ́ padà kí ọjọ́ tó kọjá. Bí wọn kò bá gbà, ilé ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé omi ibẹ̀ dà bí aró tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Àwòrán òun àti ìyàwó rẹ̀ létí omi náà ṣì wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Owó tí ó fara pamọ́

Nǹkan mìíràn wà tí ọmọ náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n dé, akọ̀wé hòtẹ́ẹ̀lì ní kí wọ́n san owó kan sí i lálaalẹ́, tí wọ́n ń pè ní owó ìgbádùn: ti omi ìwẹ̀, ti íntánẹ́ẹ̀tì, ti aṣọ ìnura etí òkun. Ẹ lò ó, ẹ kò lò ó, ẹ óò san án. Ní Waikiki, irú owó báyìí a máa tó 30 sí 50 dọ́là lálẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí iyàrá tí ó jẹ́ 260 dọ́là ní gbangba bá bọ́ sí 120 lábẹ́ aṣọ, alẹ́ márùn-ún jẹ́ 600 dípò 1,300. Ẹ rò pé ẹ ti jèrè 700. Ṣùgbọ́n bí owó ìgbádùn bá jẹ́ 40, ó di 200 lé e. 800 ni ẹ san. Bí 1,300 ti gbangba bá ti ní owó ìgbádùn nínú, èrè yín jẹ́ 500. Ó ṣì jẹ́ èrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹ rò. Láti ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 2025, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí irú owó dandan bẹ́ẹ̀ hàn nínú iye tí wọ́n bá pè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n òfin náà kò dé gbogbo erékùṣù ayé. Ẹ bèèrè.

Ìmọ̀ràn fún ẹbí wa

Èkíní: kí ẹnikẹ́ni má san owó tí kò ní àdápadà nígbà tí fisà kò tíì sí lọ́wọ́. Òfin fisà ń yí padà lójijì. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ fisà ìbẹ̀wò àwa ọmọ Nàìjíríà di ti oṣù mẹ́ta àti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Èkejì: iyàrá abẹ́ aṣọ sábà máa ń jẹ́ ti ènìyàn méjì péré, wọn kì í sì í ṣèlérí bẹ́ẹ̀dì méjì. Ẹbí tí ó bá ní ọmọ wẹ́wẹ́ púpọ̀, tàbí àgbàlagbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn, kí ó lọ ra èyí tí ó fi ojú rí.

Ẹ̀kẹta: ẹ mọ iye gbangba kí ẹ tó gba ti abẹ́ aṣọ. Ẹni tí kò mọ iye ọjà, kò lè mọ̀ bóyá ó jèrè.

Ẹ̀kẹrin: bí ẹ bá ń lọ sí Caribbean ní àkókò ìjì, ẹ ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi owó sí ohun tí a kò lè dá padà.

Ìyá wa tí ó bèèrè ọ̀rọ̀, ẹ pe àwọn ọmọ yín lónìí. Ẹ má bá wọn jà, ọlọ́gbọ́n ọmọ ni wọ́n. Ẹ kàn bi wọ́n pé, "Ṣé a lè dá a padà bí ìrìnnà bá yẹ̀?" Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ ní kí wọ́n dúró títí ìwé yóò fi pé. Bí ẹ bá sì dé, ẹ mú àwòrán wá fún ìwé ìròyìn wa, kí gbogbo ẹgbẹ́ bá yín yọ̀.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ wa, yóò sì máa ṣọ́ àbọ̀ wa. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ó dàbọ̀ ná.